Mọ́tò Tí Ń Tòògbé: Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Kú Tí Ó sì Ń Jí Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Tíṣà ni mí, n kì í ṣe dírẹ́bà, nítorí náà n kò ní kọ́ yín bí a ti ń wa ọkọ̀. Ìtàn ni mo mú wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi lọ wádìí ìtàn náà.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ níwèé rí gbé mi nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni, kò tíì pẹ́ tí ó rà á, ara rẹ̀ sì ń dán. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ti tò lọ bẹẹrẹ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ ti dúró ni ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ tí ń ta omi lẹ́bàá títì sá wá, wọ́n ń kígbe pé, "Ó ti kú! Ẹ jẹ́ ká bá wọn tì í!" Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ gbọ̀n rìrì, ó jí, ó sì ta gìrì síwájú bí ẹṣin tí a gún ní kẹ́ṣẹ́. Mo di ìjókòó mú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, sà. Kò kú o. Oorun ló ń sùn."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tí a dé ìkóríta kan tí ó fẹ́ yà sí apá òsì, ọkọ̀ elépo ńlá kan ń bọ̀ lọ́kánkán. Àyè wà láti kọjá bí a bá tètè ṣe é. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó tẹ iná sí i. Ọkọ̀ kò mira. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. Kò ju bí ìgbà tí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ọkọ̀ náà fò sókè, ó sì gbé wa sọdá. Fèrè ọkọ̀ elépo ń dún lẹ́yìn wa. A rìn jìnnà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni ó jẹ́wọ́ fún mi pé títa gìrì yìí ti mú kí mẹkáníìkì kan pàrọ̀ sítáàtà ọkọ̀ náà, owó ńlá sì ni ó gbà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ni ó ṣì wà.

Èyí ni ó mú mi lọ béèrè pé: ta ni ó kọ́ mọ́tò ní oorun sísùn? Kí sì ni ìdí tí kì í fi í jí ní wọ́ọ́rọ́wọ́?

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ẹ̀rọ tí ń mu bẹntiróòlù ní àbùkù kan láti ìbẹ̀rẹ̀: kò lè jí fúnra rẹ̀. Iná mànàmáná lè yí fáànù láti ìdúró, ooru omi lè ti rélùwéè ayé àtijọ́ láti ìdúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ́tò, ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ náà ni àwọn ihò irin roboto wà, tí irin kan tí à ń pè ní písítìnì ń lọ sókè sódò nínú wọn bí ọmọ odó nínú odó. Písítìnì yóò kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Yóò fún wọn pọ̀. Iná yóò ṣẹ́ sí wọn, wọn yóò bú gbàmù, agbára rẹ̀ yóò sì ti písítìnì padà. Lẹ́yìn náà ni yóò lé èéfín jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1876.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọmọ mi, pé nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń mú agbára wá. Mẹ́ta yòókù ń jẹ agbára ni. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, agbára ti àná ni yóò fi ṣe ti òní. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sùn, kò ní àná. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ yá a ní agbára.

Ní ọdún 1886, nígbà tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì, ọwọ́ ni a fi ń yí kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan lẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ̀rọ tó jí. Bẹ́ẹ̀ ni Bertha ìyàwó rẹ̀ ṣe ní ọdún 1888, nígbà tí òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wa irú ọkọ̀ náà láti Mannheim dé Pforzheim, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n rọ irin kan tí ó tẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, tí a ń kì bọ imú ọkọ̀ láti fi yí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà tí ó bá ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà nílẹ̀ mọ irin yìí dáadáa. Ọmọ ọkọ̀ ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti yí i, òógùn yóò sì bò ó kí ọkọ̀ tó dáhùn.

Irin náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí iná bá ṣẹ́ kí àkókò tó tó, ẹ̀rọ yóò ta padà, irin yóò sì gbá ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ọrùn ọwọ́ ni ó dá lọ́nà bẹ́ẹ̀. Títí di òní, irú egungun ọrùn ọwọ́ kan wà tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fi orúkọ awakọ̀ pè bí ó bá dá, nítorí pé àwọn awakọ̀ ayé àtijọ́ ni ó máa ń ṣe.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ni ó tú wa sílẹ̀. Charles Kettering ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1876, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kí ó tó di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní ìlú Dayton, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àpótí ìgbowó tí àwọn ọlọ́jà ń lò, ó sì fi iná mànàmáná sí àpótí náà kí ọlọ́jà má baà máa fi ọwọ́ yí i. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: ẹ̀rọ iná kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá, bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ péré. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀rọ iná tí yóò lè yí mọ́tò ní láti tóbi tó mọ́tò fúnra rẹ̀. Kettering mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni a fi ń yí ẹ̀rọ kí ó tó jí, lẹ́yìn náà sítáàtà yóò sinmi. Ní ọdún 1911, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sí ọkọ̀ Cadillac, ó ṣiṣẹ́, ó sì wọ àwọn Cadillac ti ọdún 1912. Ẹ rántí ohun kan nípa ẹ̀rọ Kettering yìí, nítorí pé a óò padà sí i: ẹ̀rọ kan náà tí ń jí mọ́tò ni ó tún ń ṣe iná padà sínú bátìrì nígbà tí mọ́tò bá ń sáré. Ní ọdún 1919, Ford náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítáàtà oníná sí ọkọ̀ Model T. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni, ọkùnrin tàbí obìnrin, alágbára tàbí arúgbó, ti lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ó sì jí i.

Fún nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn èyí, àárọ̀ ni ọkọ̀ ń jí, ó di ìgbà tí a bá délé kí ó tó sùn. Kò sí ẹni tí ó bìkítà bí ó bá dúró níwájú iná pupa tí ẹ̀rọ sì ń ròkè lásán. Epo kò wọ́n, ta ni yóò máa ka ẹ̀kún rẹ̀?

Oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ni ayé yí padà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, àwọn ìlú Lárúbáwá tí ó ní epo sì ti ọ̀nà epo mọ́ Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn. Kí ọdún 1974 tó wọlé tán, owó àgbá epo kan ti kúrò ní nǹkan bí dọ́là 3, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12. Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ OPEC láti ọdún 1971, nítorí náà owó wọlé fún wa. Àwọn àgbà rántí owó Údójì tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ọjọ́ ọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ni ọjọ́ ọ̀wọ́n fún ẹlòmíràn. Ní Jàpáànù, tí kò ní epo tirẹ̀ tí ó tó nǹkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rọ tí ń ròkè lásán níwájú iná pupa pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré lè jó nǹkan bí ìdajì lítà epo sí lítà kan ní wákàtí kan láìrìn ju ìka ẹsẹ̀ kan lọ.

Láàrin àwọn ọdún 1970 yìí ni Toyota fi ẹ̀rọ kan dán ọkọ̀ Crown wò ní Tokyo. Bí ọkọ̀ bá ti dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀, ẹ̀rọ yóò kú fúnra rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú náà, wọ́n rí i pé epo tí ó tó 10 nínú 100 ni wọ́n fi pamọ́. Ní ọdún 1983, Fiat ti Ítálì tà irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ Regata ES. Ní àwọn ọdún 1990, Volkswagen ti Jámánì ṣe Golf kan tí wọ́n pè ní Ecomatic: bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ yóò kú, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń sáré.

Àwọn ènìyàn kò rà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó ti ń wakọ̀ fún 20 ọdún mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, wàhálà dé. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń já àyà wọn. Sítáàtà àti bátìrì ìgbà náà, èyí tí a ṣe fún jíjí díẹ̀ lójúmọ́, kò sì lè fara da jíjí tí kò lóǹkà. Epo tún pọ̀ lọ́jà nígbà náà, ọgbọ́n náà sì di ohun tí a gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe owó epo ni ó tún gbé e jáde, èéfín ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe àdéhùn ní ìlú Kyoto láti dín èéfín tí ń mú ayé gbóná kù. Ní oṣù kan náà ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Prius ní Jàpáànù, ọkọ̀ tí ẹ̀rọ iná ńlá kan ń ran ẹ̀rọ epo lọ́wọ́. Ní ọdún 2004, Citroën ti Faransé fi ẹ̀rọ tí ń tòògbé sí ọkọ̀ C3. Ní ọdún 2007, BMW bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2009, Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2015, èéfín carbon dioxide tí àwọn ọkọ̀ tuntun ń tú jáde kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 130 lọ fún kìlómítà kan, bí a bá pín gbogbo wọn dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kọjá ààlà yóò san ìtánràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ sáré padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọgbọ́n àtijọ́ náà jáde. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sì di àlòkù ní Yúróòpù, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí a ṣe ní òkè òkun ṣe dé ìkóríta Ìbàdàn.

Wàyí o, kí ni ó ń mú un ta gìrì? Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni ìgbọ̀n tí ó wà nínú kíkú àti jíjí fúnra wọn. Bí písítìnì ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dúró, afẹ́fẹ́ náà ń ta á padà, gbogbo ẹ̀rọ a sì mì jìgìjìgì lórí àwọn rọ́bà tí ó gbé e dúró. Bí ọjọ́ bá ti gorí àwọn rọ́bà náà, ìmì náà yóò dé ara ẹni tí ó jókòó.

Èkejì ni ìyípadà ọkàn awakọ̀, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìkóríta. Sítáàtà ní kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí ó ní láti bọ́ sínú eyín kẹ̀kẹ́ ńlá ara ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ń kú lọ, kẹ̀kẹ́ ńlá náà ṣì ń yí, ó tilẹ̀ lè yí sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó dúró. Bí awakọ̀ bá sọ ní àkókò náà gan-an pé òun ti fẹ́ lọ, sítáàtà lásán kò lè wọlé. Ó ní láti dúró kí kẹ̀kẹ́ náà sinmi. Awakọ̀ kò mọ èyí. Ó rí i pé ọkọ̀ kò lọ, ó tẹ iná kíkankíkan. Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, ó bá ẹsẹ̀ tí ó wúwo lórí iná, ó sì fò.

Ẹ̀kẹta kan ọkọ̀ tí ń yí gíà fúnra rẹ̀. Agbára òróró ni ń di àwọn gíà náà mú, ẹ̀rọ ni ó sì ń ti òróró náà. Bí ẹ̀rọ bá sùn, agbára òróró lọ sílẹ̀. Bí ó bá jí, tí agbára náà padà dé lójijì, gíà yóò gbá ọkọ̀ mú gbà, ọkọ̀ yóò ta. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí a ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí a tún ń dúró, gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí a tó kọjá ibi tí kò ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò jókòó lásán. Àwọn kan fi ẹ̀rọ iná kékeré tí ń ti òróró sí inú gíà, kí agbára rẹ̀ má baà lọ nígbà oorun. Ní ọdún 2009, Mazda mú ọ̀nà kan jáde tí ń dá písítìnì dúró sí ibi tí ó yẹ gan-an, tí iná àti epo inú ihò náà fi ń ran sítáàtà lọ́wọ́, ẹ̀rọ sì ń jí kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Àwọn mìíràn kó eyín kẹ̀kẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá: wọ́n fi bẹ́líìtì so ẹ̀rọ kan mọ́ mọ́tò, ẹ̀rọ kan náà ni ó sì ń jí i tí ó tún ń ṣe iná fún bátìrì. Ẹ ò rí i bí! Ohun tí Kettering ṣe ní ọdún 1911 ni wọ́n tún padà sí. Ọgbọ́n àgbà kì í jẹrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí yóò béèrè pé, kí ni kí a ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má sáré ra sítáàtà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnì kan wà níwájú awakọ̀, lẹ́tà A ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọfà tí ó yí i ká. Ẹ tẹ̀ ẹ́, oorun náà yóò dúró títí ẹ óò fi pa ọkọ̀. Bí títa gìrì bá dópin, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá. Bí kò bá dópin, kí mẹkáníìkì wo gíà, òróró rẹ̀ àti rọ́bà abẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo bátìrì. A ṣe bátìrì ọkọ̀ wọ̀nyí lọ́nà ọ̀tọ̀ kí ó lè fara da jíjí púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi bátìrì lásán rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó yóò rí i pé kò ní pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá dé ìkóríta tí ẹ óò ré ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ kọjá, ẹ tẹ bọ́tìnì náà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Epo tí ẹ óò jó kò tó ṣíbí kan. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi tí mò ń wí. Ó tẹ bọ́tìnì náà níṣojú mi, a sì jọ lọ sí ìkóríta yẹn padà. Ọkọ̀ ré e kọjá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Sà, owó sítáàtà yẹn ń dùn mí." Mo ní kí ó pè é ní owó ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju èyí lọ. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí kò ṣe é láti yọ wá lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ kí epo pẹ́ lọ́wọ́ wa, kí afẹ́fẹ́ sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìgba ìtàn rẹ̀, ìdajì irinṣẹ́ náà ni ó gbà. Àwọn bàbá wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ọkọ̀ yín bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀sọ̀ jí i.

Ó dàbọ̀ o, títí di ìgbà mìíràn.